Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Sí Abà Wa

Èmi ni mo fi bébà gba abà lọ́wọ́ bàbá mi. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ kó dùn létí, mo lè ní àwọn àgbà ló dájọ́, tàbí kí n ní bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè. Mo ká bébà náà bí ẹní, mo gbé e há abíyá, mo lọ.

Abà náà wà lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Téèyàn bá ti kúrò ní Ẹ̀jìgbò, yóò dé ibi tí odò kékeré kan ti gba abẹ́ títì kọjá, yóò wá yà sọ́wọ́ òsì. Bàbá tó bí bàbá mi ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ìyeyè. Lónìí, pátákó kan wà létí títì tó júwe ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe orúkọ bàbá bàbá mi. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ṣí máàpù orí fóònù rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, orúkọ yẹn náà ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọlọ́kadà ń pè é. Mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín, mi ò sì ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn, nítorí orúkọ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ò pe orúkọ mi rí, Tíṣà Máàpù ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì rò pé mi ò gbọ́. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀gá wa ní kí n bá òun palẹ̀ yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí mọ́. Lẹ́yìn àwọn àga tó ti ṣẹ́, mo rí agolo gígùn kan. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá máàpù mẹ́rin tí wọ́n ká pọ̀. Ikán ti jẹ igun méjì lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ti agbègbè wa, èyí tí wọ́n yà kí wọ́n tó bí mi.

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú eruku yẹn, mo dojú bolẹ̀ lé e lórí, aṣọ funfun lọ́rùn mi. Ẹ̀jìgbò wà níbẹ̀, ó kéré débi pé mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Masifa wà níbẹ̀, Ifẹ̀-Ọ̀dàn náà wà níbẹ̀. Búlúù ni wọ́n fi fa odò, pupa ni ọ̀nà ọkọ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì jẹ́ àmì wínníwínní tó tò tẹ̀lé ara wọn bí èèrà. Àwọn ìlà kan tún wà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ní ìlú olókè, àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ á fún mọ́ra wọn. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú, ọ̀dàn ni, nítorí náà èèyàn lè rin ìrìn àárọ̀ kan gbáko kó máà tíì kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí èkejì. Mo máa ń fi ìyẹn pa àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́rìn-ín pé kò sẹ́ni tí yóò já bọ́ látorí òkè ní Ẹ̀jìgbò, àfi kó gun àga.

Ṣùgbọ́n àwọn abà ló wù mí jù. Wọ́n kọ gbogbo wọn sílẹ̀, títí kan èyí tí kò ju ahéré mẹ́ta lọ, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Mo fi ìka tọ ọ̀nà láti Ẹ̀jìgbò, mo dé odò, mo yà sọ́wọ́ òsì. Mo dé abà wa. Orúkọ tí mo bá níbẹ̀ ni orúkọ àlejò wa.

Àlejò wa yìí, àgbẹ̀ ni, ó ti ìlú mìíràn wá tọrọ ilẹ̀ tó máa fi dáko lọ́wọ́ bàbá bàbá mi. Wọ́n fún un ní apá tó kọjú sí odò. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, á ru díẹ̀ wá sílé wa láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún un: àlejò kì í gbin igi. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ọdún á kó wọn lọ. Igi á dúró ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbin igi sórí ilẹ̀ kan ti ń di onílẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu bàbá mi. Bí mo ṣe wá dojú bolẹ̀ nínú yàrá ẹrù yẹn, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bàbá mi ti ń purọ́ fún mi.

Mi ò bi í. Èmi tí mo máa ń na ọmọ tí kò bá béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, mi ò bi bàbá mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tó ṣe, àlejò wa kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ti Àbíjàn padà wálé. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń gbin kajú lọ́hùn-ún, ó sì wá bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ odò. Bàbá mi ní rárá. Ó padà wá pẹ̀lú obì, bàbá mi ní rárá. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi ò tiẹ̀ ní kó jókòó. Inú bí mi. Ọkùnrin yìí ń tiraka, bàbá mi sì ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ dí i lọ́nà, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé bàbá ọkùnrin náà gan-an ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rò. Mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́. Ká má fi bò, mo tún fẹ́ kí àwọn èèyàn máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àgbà kan tí ìdílé méjèèjì fọkàn tán. Àwọn ọkùnrin ló jókòó, bó ṣe máa ń rí. Bàbá mi sọ tirẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò níyè méjì. Ó ní, "Ojú mi ni bàbá rẹ̀ ṣe dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni. Bàbá mi ló fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún un, èmi ni mo di okùn mú."

Èmi ni mo wá dìde. Mo tú máàpù mi sílẹ̀ láàárín wọn, mo fi bàtà mi tẹ igun kan mọ́lẹ̀, mo sì ka orúkọ tó wà lára abà náà sókè ketekete bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì.

Àgbà náà bi mí pé, "Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ìjọba ni, bàbá. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀."

"Ṣé kò lè jẹ́ pé wọ́n ṣì í kọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, máàpù kì í purọ́." Bí mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Àgbà náà yíjú sí bàbá mi. Ó ní bí ọmọ bíbí inú ẹni bá jẹ́rìí takò ẹni, kí ló tún kù tí ará ìta fẹ́ sọ? Ó ní kí ọmọ àlejò máa mú abà náà àti ẹ̀gbẹ́ odò, kó gbin ohun tó bá wù ú. Ọmọ àlejò ò yọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Mo rò nígbà náà pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Bàbá mi gbé fìlà rẹ̀ dé, ó ní, "Bí ọmọ mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí." Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi tẹ̀lé e, mo ní kó jókòó sẹ́yìn. Ó yà gba ọ̀nà ẹsẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà ni bàbá mi tẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, aṣọ tèmi sì ń dán, ni gbogbo ojú bá lọ síbẹ̀.

Kò fẹsẹ̀ kan abà náà mọ́ títí ó fi kú. Kò bá mi jà, ìyẹn ló burú jù. Ó ń jẹun tí mo bá gbé wá, ó ń súre fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọjọ́ náà, ó máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé ẹ̀gbẹ́ bàbá òun lábẹ́ igi ìyeyè ni kí á sin òun sí. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sọ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tó kú, a kírun sí i lára, a sì sin ín sẹ́yìnkùlé nínú ìlú.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo gbé máàpù náà jáde kí n sá a sóòrùn nítorí ikán. Mo tẹ́ ẹ sí iwájú ilé, mo fi òkúta tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá mi tẹ̀pá jáde, ó jókòó sórí àga rẹ̀.

"Kí lo sá sóòrùn yẹn?"

"Máàpù ni, màámi. Àwòrán ilẹ̀ wa ni."

"Ta ló ya ilẹ̀?"

"Àwọn awọnlẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Láyé ọjọ́un, wọ́n ń ti abà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á béèrè orúkọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn oníṣòkòtò péńpé! Àwọn tó gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Èmi ni wọ́n bá lábà, ọkọ mi."

Mo yíjú sí i. Ó ti ń sọ ọ́ lọ.

"Ìyàwó tuntun ni mí, mi ò tíì bí ẹ. Gbogbo wọn ti lọ sóko, èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀ tí mò ń bó ẹ̀gẹ́. Akọ̀wé kan wà láàárín wọn tó gbọ́ Yorùbá. Ó ní ta ló ni abà yìí. Mo ní Bàbá ni. Ó ní bàbá wo. Mo ní Bàbá wa. Ó ní gbogbo abà táwọn dé ló ní bàbá, ṣé bàbá tiwa ò lórúkọ ni? Ẹnu mi á ṣe wá pe orúkọ bàbá ọkọ mi, èmi tí mi ò tíì pé ọdún kan nílé wọn? Mo nawọ́ sí ọ̀nà oko, mo ní ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún yẹn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé. Ó ní oòrùn ti ń lọ, àwọn ò lè dúró. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Inú ń bí i. Ó ní ṣé kò sí ọkùnrin kankan ní gbogbo abà yìí tí ẹnu mi gbà láti dárúkọ ni?"

Ó nu ojú rẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀.

"Mo rò ó, mo rò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Àlejò yẹn. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ dé abà, ojú mi ló ṣe ru ẹrù wọlé. Mo bá pe orúkọ tiẹ̀. Ó kọ nǹkan, ó dúpẹ́, wọ́n gbé igi wọn lọ."

Ẹni tó bá ti gbé láàárín wa mọ̀ pé kò parọ́. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìnagijẹ ló máa fún wọn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni àbúrò rẹ̀, tó lè dárúkọ. Báyìí ni ẹni tó dé abà kẹ́yìn ṣe di ẹni tó ni abà. Èmi tí mo ń fi ẹnu mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ya máàpù, mi ò ronú rẹ̀ rí pé ẹnì kan ló máa ń dáhùn nígbà tí awọnlẹ̀ bá béèrè.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ sọ fún bàámi?"

"Kí ni màá sọ? Kí n máa ròyìn fún ọkọ mi pé àwọn ọkùnrin wá bá mi nílé nígbà tí kò sí níbẹ̀?"

Ìyá mi mọ̀ pé abà bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá mi wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó ní ìwé ti gba abà, kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé òun mọ́. Obìnrin tí kò kàwé, ó gbà pé ìwé kóòtù ni. Bàbá mi ò sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá. Ó bò mí láṣìírí lójú ìyá mi títí wọ inú sàréè. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn, wọ́n ń sọ ọ́, mo ń gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi fi ọ̀pá tọ́ka sí máàpù. "Kí ni wọ́n wá kọ sí abà wa?"

Mo ní ojú mi ò ríran dáadáa láìsí jígí, kó jẹ́ kó di ọ̀la. Jígí náà wà nínú àpò mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí abà. Mi ò débẹ̀ rí látọjọ́ ẹjọ́ yẹn, ìtìjú kọ́ o, ìgbéraga ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá mi kú ló tó di ìtìjú. Kajú ti so, èso pupa àti yẹ́lò wà nílẹ̀ káàkiri. Ọmọ àlejò wa ti hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, a ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀." Ó mú mi lọ sábẹ́ igi ìyeyè láìjẹ́ pé mo béèrè. Wọ́n ti gbá ibojì bàbá bàbá mi mọ́ tónítóní, wọ́n to òkúta yí i ká.

Mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi fún un. Ó gbọ́ ọ títí mo fi parí.

Ó ní, "Tíṣà, mo mọ̀. Bàbá mi sọ fún wa kó tó kú pé bàbá yín ńlá ló fún òun nílẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ la fi ń gbá ibí."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ lọ́jọ́ náà?"

"Bọ̀n," ó ṣì ń fi Faransé Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé ilẹ̀ ni mo wá tọrọ ni? Àyè kajú ni mo tọrọ. Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé dé. Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ̀yin lẹ ni bàbá. Ta ni èmi tí màá dìde, kí n ní tíṣà ń purọ́ mọ́ bàbá ara rẹ̀?"

Ó tún sọ pé, "Ọjọ́ tá a gbọ́ pé bàbá yín jáde láyé, mo ní kí àwọn ọmọ mi gbẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín ńlá níbí. A rò pé ẹ máa gbé wọn wá. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, ọmọ rẹ̀ ti yí i ká. Mo ti rí i nígbà tí mo débẹ̀, mi ò sì kà á sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi sàréè tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Bí òkú ò bá wọ ibẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń sin sí i. Mo di igi ìyeyè mú, mo sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dúró tì mí. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá kí òun yọ pátákó etí títì. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kọ sí fọ́ọ̀mù ilé ìwé, wọn ò ṣẹ̀ mí.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó ti ń retí mi.

"Ṣé o ti rí jígí ẹ?"

Mo ní mo ti rí i. Mo gbé máàpù jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ìka tọ ọ̀nà láti Ẹ̀jìgbò, mo ń dárúkọ ibi tí mo dé fún un, títí mo fi dé odò, tí mo yà sọ́wọ́ òsì. Orúkọ àlejò wa wà lábẹ́ ìka mi, ó hàn kedere. Mo ka orúkọ bàbá bàbá mi jáde lódindi.

Ìyá mi fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀. Ó di apá àga mú, ó rọra sọ orúnkún rẹ̀ kan kalẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì, ó kúnlẹ̀ síwájú máàpù náà.

Ó ní, "Àwọn oníṣòkòtò yẹn kúkú gbọ́ mi. Mo nawọ́ sí ọ̀nà oko, mo rò pé wọn ò gbọ́."

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ yín, màámi."

Mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú kí n gbé e dìde. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ò tíì kí Bàbá tán.